Bí Ìlù Bá Yí Padà, Ta Ni Yóò Jó?

Àwọn àgbà bọ̀, wọn ní bí ìlù bá yí padà, ijó a máa yí padà. Òwe rere ni. Ó kọ́ wa pé kí ènìyàn má ṣe gan bí igi nígbà tí ayé ń lọ, kí ó má sì ṣe máa jó ijó àná sí ìlù òní. Ṣùgbọ́n kò sí òwe tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣi agbára lò kò lè fi bo ìwà ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní òde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni ó ti sọ òwe yìí di pàṣán. Nígbà tí ọkàn wọn bá kúrò lórí iṣẹ́ tí wọ́n pe àwọn ènìyàn sí, wọn a dìde, wọn a ní, "Ìlù ti yí padà," wọn a sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọn máa lọ ní àlàáfíà. Kò sí ẹni tí í bi wọ́n léèrè pé: ọwọ́ ta ni kọ̀ǹgọ́ ìlù wà? Ta ni ó pe oníjó wá sí agbo? Nígbà tí agbo bá sì tú, ta ni yóò san owó ọkọ̀ tí oníjó yóò wọ̀ padà sí ilé?

Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí nìyí: ìyípadà nínú òwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí ó pinnu ìyípadà máa jẹ èrè rẹ̀, kí ẹni tí a kò bi léèrè sì máa ru ẹrù rẹ̀. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe eré orí ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní géèmù, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ojú ọ̀pọ̀ nínú yín wà lára iṣẹ́ náà, àti nítorí pé nínú rẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ti hàn gbangba ní ìgbà tiwa.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ń sọ pé géèmù kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí lóhùn. Ẹni tí ó bá rìn kọjá ní Agbówó, ní iwájú Yunifásítì Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, tàbí tí ó bá mọ àwọn ilé tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà, ní Ring Road àti ní Challenge, yóò rí àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí iwájú, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ tí àwọn òbí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Òbí mìíràn yóò mi orí, yóò ní, "Eré ni ọmọ yìí ń ṣe." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n ayò fún àwọn baba wa, ṣé eré ni ó ń ṣe nígbà tí ó ń gbẹ́ ẹ? Ẹni tí ó jókòó sí abẹ́ igi tí ó ń ta ayò ni ó ń ṣeré. Ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n, iṣẹ́ ni ó ṣe, owó ni ó sì gbà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí láàrin ẹni tí ń ṣeré géèmù ní gbogbo òru tí kò ka ìwé rẹ̀, àti ẹni tí ó kọ́ bí a ti ń ṣe géèmù. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ ọ̀lẹ. Èkejì kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Kí eré kan tó jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ro ìlànà rẹ̀: báwo ni a ó ṣe máa ṣe é, kí ni yóò mú un dùn, kí ni yóò mú un ṣòro. Ẹlòmíràn yóò kọ àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé. Ẹlòmíràn yóò ya àwòrán, yóò sì mú kí àwòrán náà máa rìn. Ẹlòmíràn yóò ṣe ohùn àti orin. Àwọn kan yóò sì máa ṣe eré náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, kìkì láti rí àléébù rẹ̀ kí oníbàárà tó rí i. Eré kékeré ti orí fóònù lè gba oṣù mélòó kan lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀. Eré ńlá lè gba ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Bí oko kòkó ni ó rí. A gbìn ín ní òní, kò ní so ní ọ̀la, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń roko gbọ́dọ̀ máa jẹun ní gbogbo ìgbà tí igi ń dàgbà. Owó ẹlòmíràn ni ó sì fi ń jẹun.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé. Olówó lè yí ọkàn padà kí igi tó so. Ó lè rí òwò mìíràn tí ó dà bí ẹni pé yóò yára mú èrè wá. Ó lè ra ilé-iṣẹ́ mìíràn ní owó gọbọi, kí ó wá máa wá ibi tí yóò ti rí owó náà padà. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́ta roko yóò gbọ́ pé a kò gbin kòkó mọ́.

Mo ti wí pé ìyípadà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, mo sì lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ láti ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2012, Hugo Obi dá ilé-iṣẹ́ Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Eré tí a ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé fóònù ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà, wọ́n yí ojú sí orí fóònù. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2024, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Disney gbé eré àwòrán tí a pè ní Iwájú jáde, èyí tí ó dá lórí Èkó, Maliyo ni ó ṣe géèmù tí ó bá a rìn. Bí wọ́n bá ti rọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọdún 2012, bóyá a kì bá tí gbọ́ orúkọ wọn mọ́. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹni tí kò bá yí padà nígbà tí ó yẹ kí ó yí padà, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni yóò jọ rì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ọdún 2012 yẹn kan náà, Abíọ́lá Ọláníran, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá ilé-iṣẹ́ Gamsole sílẹ̀. Fóònù tí ń lo Windows Phone, ètò ti ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Lórí fóònù ti Apple àti ti Google, eré ti pọ̀ bí ewé, ọmọ tuntun kò sì rọrùn láti rí láàrin wọn. Ní ọjà Windows Phone, àwọn ọlọ́jà kò tíì pọ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà ni àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé gba eré Gamsole sórí fóònù wọn. Ọmọ Nàìjíríà jókòó sí Èkó, àwọn tí kò mọ Èkó rí sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára yá.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Microsoft parí rírà tí ó ra iṣẹ́ fóònù ilé-iṣẹ́ Nokia. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó kéde pé òun yóò dá òṣìṣẹ́ tí iye wọn tó 18,000 dúró, àwọn bí 12,500 nínú wọn sì jẹ́ ti apá Nokia. Ní oṣù Keje ọdún 2015, ó tún kéde pé 7,800 mìíràn yóò lọ, ó sì gbà pé dọ́là bílíọ̀nù 7.6 ti ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn kò ní fi ohun tuntun kún ètò fóònù náà mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n ti ọjà tí àwọn oní-Windows Phone 8.1 ti ń gba eré pa. Bí eré kan ti wù kí ó dùn tó, bí ó bá jẹ́ ọjà yẹn nìkan ni ó wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tì.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kó iṣẹ́ wọn sí ọjà náà, ní Èkó tàbí ní ibikíbi, kò ṣe ohun búburú kankan. Wọn kò ṣe ìmẹ́lẹ́, wọn kò jalè, iṣẹ́ wọn kò sì burú. Àwọn tí wọn kò mọ̀ rí ni ó jókòó yí tábìlì ká ní ìlú tí wọn kò dé rí, tí wọ́n pinnu pé ìlù ti yí padà. Bí ó ti rí fún àwọn tí ń tà lọ́jà náà ni ó rí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí a gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú ilé-iṣẹ́ náà gan-an. Nígbà tí a bá sì bèèrè ìdí tí àwọn nìkan fi ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àwí mẹ́ta ni a máa ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwí kìn-ín-ní ni pé, "Ọjà ni ó pinnu, àwa kọ́." Irọ́ ni. Ọjà kò ní ẹnu, kò ní ọwọ́ tí a fi ń kọ̀wé, kò sì tíì dá ènìyàn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ènìyàn ni ó ń wo ọjà, ènìyàn ni ó sì ń yan ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn tí ó bá wò ó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Microsoft yìí kan náà ra Activision Blizzard, ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá kan, ní dọ́là bílíọ̀nù 68.7. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, kò tíì pé oṣù mẹ́rin, ó kéde pé òun yóò dá òṣìṣẹ́ 1,900 dúró ní ẹ̀ka géèmù. Ní oṣù Karùn-ún, ó kéde pé òun yóò ti Tango Gameworks pa, ilé-iṣẹ́ kan ní Tokyo tí ó ti di tirẹ̀ ní ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ yìí ni ó ṣe eré Hi-Fi Rush ní ọdún 2023, èyí tí àwọn olóye yìn, tí ó sì gba ẹ̀bùn BAFTA ní Ìlú Ọba ní ọdún 2024. Ẹ̀bùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni àṣẹ ìtìpa tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Krafton, ilé-iṣẹ́ kan ní Gúúsù Kòríà, sọ pé òun yóò gba Tango pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì wò. Ọ̀kan ní kí a tì í pa, èkejì ní kí a gbé e fún òun. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà ni ó ń pinnu, ohùn kan ṣoṣo ni a ì bá gbọ́.

Ó tún ku ohun kan lórí àwí yìí. Ní ọdún ìṣúná tí ó parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọdún tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, àpapọ̀ èrè tí a kà sí ọ̀gá àgbà Microsoft lọ́rùn jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 79.1, ti ọdún tí ó ṣáájú jẹ́ mílíọ̀nù 48.5. Kí n má ṣe parọ́ mọ́ ọn: ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ sì bèèrè pé kí a dín nínú ẹ̀bùn owó tí ó tọ́ sí òun kù nítorí àṣìṣe ilé-iṣẹ́ náà lórí ọ̀rọ̀ ààbò. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i síbẹ̀. Bí ìlù bá yí padà ní tòótọ́, èéṣe tí ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ni ó kúrò nínú agbo, tí ẹlòmíràn sì ń gba owó sí i lórí?

Àwí kejì ni pé, "Òṣìṣẹ́ ti gba owó oṣù rẹ̀, a kò jẹ ẹ́ ní gbèsè." Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò péye. Owó oṣù a máa san fún iṣẹ́ oṣù tí ó kọjá. Kì í san fún àwọn ọdún tí òṣìṣẹ́ fi kọ́ ohun tí kò wúlò níbòmíràn nítorí pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó ń lò ó. Kì í san fún òru tí kò sùn nígbà tí ọjọ́ ìgbéjáde eré ń sún mọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni kì í san fún iṣẹ́ mìíràn tí ó kọ̀ nítorí pé a ti ṣèlérí fún un pé ilé rẹ̀ nìyí. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, àwọn ọ̀gá a máa pe òṣìṣẹ́ ní ọmọ ẹbí. Nígbà tí ìnira dé, wọn a pe ẹni yìí kan náà ní ìnáwó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í lé ọmọ ẹbí jáde nítorí pé ọjà kò tà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ojúṣe ẹbí, kí ó má ṣe ya orúkọ ẹbí lò.

Àwí kẹta ni ó lágbára jù, mo sì bọ̀wọ̀ fún un: "Bí a kò bá jẹ́ kí àwọn díẹ̀ lọ, gbogbo ilé ni yóò wó." Òtítọ́ ni èyí nígbà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí owó rẹ̀ tán kò lè fi afẹ́fẹ́ san owó oṣù. Ṣùgbọ́n bí ìyàn bá tilẹ̀ mú, ó yẹ kí a mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba ààwẹ̀. Bí bàbá bá jẹun yó tán tí ó wá sọ fún àwọn ọmọ pé oúnjẹ kò sí, a kì í pe bàbá bẹ́ẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n. Satoru Iwata, ààrẹ Nintendo ní Jàpáánì, fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ẹ̀rọ géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Wii U kò tà. Wọ́n ti rò pé àwọn yóò ta mílíọ̀nù 9 nínú ọdún kan. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, wọ́n dín ìrètí náà kù sí mílíọ̀nù 2.8. Iwata gé owó oṣù ara rẹ̀ sí ìdajì fún oṣù márùn-ún, àwọn ọ̀gá tí ó tẹ̀ lé e sì gé tiwọn. Ní ọdún tí ó ṣáájú, nígbà tí àwọn tí ó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà ń béèrè ìdí tí kò fi dá òṣìṣẹ́ dúró, ó ti fún wọn lésì pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé a óò lé òun kò lè ṣe eré tí yóò wú aráyé lórí.

Kì í ṣe pé Nintendo jẹ́ áńgẹ́lì. Ní ọdún 2014 náà, ó ti ọ́fíìsì kan pa ní Jámánì, àwọn bí 130 sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Owó sì pọ̀ nínú àpò rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ nìyí: ẹni tí ó pinnu pé kí a ṣe Wii U ni ó kọ́kọ́ fara gbá ìkùnà rẹ̀. Iwata kú ní oṣù Keje ọdún 2015. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rọ Switch jáde, èyí tí ó ti tà ju mílíọ̀nù 150 lọ. Ohun tí ó bá ojú, ó bá imú. Ọ̀gá tí ó gba òwe yìí gbọ́ kò pàdánù. Ó pa ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ mọ́ de ọjọ́ iwájú.

Bí ẹnì kan bá wí pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni èyí, kí ó lọ sí Dùgbẹ̀ kí ó gbé ojú sókè wo Cocoa House, ilé alájà 26 tí a parí ní ọdún 1965. Owó kòkó ni a fi kọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ a máa san owó tí ó kéré sí ti ọjà àgbáyé, wọn a sì ní àwọn ń fi ìyókù pamọ́ kí ó lè gba àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí kòkó bá wọ́n lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú owó náà ni a fi ṣe iṣẹ́ ìlú, iṣẹ́ náà sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó kòkó já lulẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960, àgbẹ̀ ni ó ru ẹrù rẹ̀, owó-orí sì tún wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀ dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ̀mí sì ṣòfò kí ìjọba tó dín owó-orí kù. Bí a bá ti fi eti sí wọn ní àkókò, ìjà náà kì bá má ti wáyé. Ẹni tí a fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé gíga kò yẹ kí ó dúró sínú òjò nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa àgbẹ̀ kòkó ní ọjọ́ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ nípa ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà ní òní.

Òfin ilẹ̀ wa ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí a ṣe ní ọdún 1974, gbìyànjú díẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ oṣù kan kí a tó dá a dúró. Apá 20 rẹ̀ ní bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ti gbòòrò tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ó sì sapá láti bá wọn fi ẹnu kò lórí owó tí àwọn tí ń lọ yóò gbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin yìí kan náà ń ṣàlàyé ẹni tí ó ń jẹ́ òṣìṣẹ́, ó yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti alákòóso, ti onímọ̀ ẹ̀rọ tàbí ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò olówó kò ní pẹ́ rí ihò yìí. Yóò ní ẹni tí ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ní ojú òfin, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni. Báyìí ni orúkọ ńlá yóò ṣe di ìdí tí ènìyàn kò fi ní ibi ìsádi. Mo ní ó tó àkókò kí àwọn aṣòfin wa dí ihò náà. Ikùn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ a máa pa á bí ti alágbàṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ óò di ọ̀gá lọ́la, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ yín. Èkíní, ẹ tètè sọ òtítọ́. Bí ẹ bá ti mọ̀ ní oṣù Kẹta pé iṣẹ́ kan yóò dúró, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tí ń ṣe é gbọ́ ní oṣù Kẹsàn-án láti ẹnu ẹni tí ń kọjá lọ. Èkejì, bí ìgékù bá pọn dandan, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí yín. Ẹ̀kẹta, ẹni tí yóò bá lọ, kí ó lọ pẹ̀lú owó tí yóò fi jẹun títí yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn, àti pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára eré tí ó bá yín ṣe. Ẹni tí a fi ọ̀wọ̀ sìn jáde lè padà wá ní ọjọ́ tí ìlù bá tún yí sí ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ óò sì jẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe rò pé mo ń ṣe àwáwí fún ìwà ọ̀lẹ. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, bíi ìṣirò, àwòrán yíyà, èdè àti ọgbọ́n ìtàn sísọ, nítorí pé ẹni tí ó mọ ìpìlẹ̀ lè kúrò lórí ẹ̀rọ kan bọ́ sí orí èkejì. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, òun àti ẹ̀rọ náà ni yóò jọ kú. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò ni ohun tí ẹ bá ṣe. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó oṣù yín. Ẹ má sì ṣe tijú láti dara pọ̀ mọ́ ẹlẹgbẹ́ yín láti sọ ohun tí ó dùn yín, nítorí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àwọn baba wa tí ó pa òwe ìlù àti ijó kò pa á fún onílù nìkan. Ní agbo gidi, onílù a máa wo ẹsẹ̀ oníjó kí ó tó yí ìlù. Bí ó bá rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, a rọ ìlù sílẹ̀ fún un. Ojú onílù wà lára oníjó, etí oníjó sì wà lára ìlù. Ìdí nìyí tí agbo fi ń dùn. Òwò tí kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀ lè lówó, ó lè tóbi, kí òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ bẹ̀rù láti pe ohun tí ó ń ṣe ní orúkọ rẹ̀. Ìrẹ́jẹ ni.